Òṣìṣẹ́ Tó Ń Bá Ọ̀gá Ẹ̀ Jà: Ká Gbà Á Ni, Àbí Ká Yẹra fún Un?

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù láti Igbó-Elérin dé Ìyànà-Ìbá tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í dá awuyewuye sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé agbábọ́ọ̀lù kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, tí ẹgbẹ́ mìíràn sì ń wá a kiri, ilé á pín sí méjì. Àwọn kan á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o! Ẹni tó bá ọ̀gá àkọ́kọ́ jà, á bá ọ̀gá kejì jà." Àwọn yòókù á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ lọ ra ọmọ náà kíá! Ṣé ìwà ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni?" Kó tó ṣẹ́jú pẹ́, fọganáísà àti rẹwáyà ti fẹ́ẹ́ dìde síra wọn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nìkan nìyí o. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá télọ̀ ni, ọ̀rọ̀ onídìrí ni, ọ̀rọ̀ ìyá tó ní ìsọ̀ ńlá lọ́jà ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu iṣẹ́ á yọ sí yín ní ṣọ́ọ̀bù. Á ní òun àti ọ̀gá òun ti tú ká, pé ọ̀dọ̀ yín lòun fẹ́ wá. Inú yín á dùn, nítorí ẹ mọ iye owó tí ọwọ́ yẹn lè mú wọlé. Àyà yín á sì tún já, nítorí ẹ ò mọ ohun tó lé e kúrò níbi tó wà. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lọ́jọ́ náà lè sọ ṣọ́ọ̀bù yín di ńlá, ó sì lè sọ ẹ̀yin àti ọ̀gá kejì, tẹ́ ẹ jọ ń ṣe ẹgbẹ́, di ọ̀tá títí ayé.

Ọmọ Èkó kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè la èèyàn lóye. Victor Osimhen lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n bí i. Àdúgbò Olúsósùn, nítòsí Ọjọ́ta, níbi ààtàn ńlá tí wọ́n ń da ìdọ̀tí Èkó sí, ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fáwọn oníròyìn pé òun ta omi inú ọ̀rá láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kí ilé lè rí nǹkan jẹ, àti pé inú ààtàn yẹn lòun ti máa ń ṣa bàtà bọ́ọ̀lù. Ìyá èyíkéyìí tó bá ti rí ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé dáńfó lójú títì Badagry, tó gbé omi sórí, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ní ọdún 2015, ó gbá góòlù 10 wọlé ní ìdíje ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ, lórílẹ̀-èdè Chile, Nàìjíríà sì gba ife náà. Wolfsburg ní Jámánì mú un lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n ọjà ò tà níbẹ̀: kò gbá ẹyọ góòlù kan wọlé fún wọn nínú líìgì. Ní 2018, ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù dán an wò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Charleroi, ní Bẹ́ljíọ̀mù kan náà, ló ní kó wá. Góòlù 20 ló fi san oore náà fún wọn. Ibẹ̀ ló gbà bọ́ sí Lille nílẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 2020, Napoli ní Ítálì rà á.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2023, Napoli gba líìgì Ítálì, èyí tí wọn ò rí gbà fún ọdún 33, látìgbà ayé Maradona. Góòlù 26 ni Osimhen gbá wọlé nínú líìgì náà, kò sì sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, ipò tí ọmọ Nàìjíríà kankan ò dé mọ́ látìgbà tí Kanu Nwankwo ti débẹ̀ lọ́dún 1999.

Kí ló wá dé? Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 yẹn kan náà, ó gbá pẹ́nárítì kan tí kò wọlé. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ló gbé fídíò kan sórí TikTok, tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n yọ fídíò náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Alágbàtà rẹ̀ ní àwọn lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n pẹ̀tù sí i, nígbà tó sì di oṣù kejìlá, ó tún tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tuntun pẹ̀lú wọn. Nínú ìwé yẹn ni gbólóhùn kan wà pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mú un lọ á san nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 Yúróò.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti há. Nígbà tó di àárín ọdún 2024, ó ti hàn sí gbogbo èèyàn pé ó fẹ́ lọ. Napoli náà ò kọ̀ kó lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ san owó yẹn. Chelsea ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a dúnàá-dúrà títí dọjọ́ tí wọ́n ń ti ọjà, wọn ò fẹnu kò lórí owó oṣù. Al-Ahli ti Saudi náà wá, tiwọn náà forí ṣánpọ́n. Napoli wá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ lò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó dára jù ní Áfíríkà ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé, tó ń wo ojú ọ̀run.

Ibi tí ẹ̀yin ọlọ́jà á ti fojú sílẹ̀ dáadáa nìyí. Ọjà ti pa ní Ítálì àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní Tọ́kì ó ṣì wà ní ṣíṣí. Galatasaray ò kánjú kó owó ńlá sílẹ̀. Wọ́n ní kí Napoli yá àwọn lọ́mọ náà fún sáà kan. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò kí wọ́n tó ra odindi ìkòkò. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún wọn nínú gbogbo ìdíje. Wọ́n gba líìgì, wọ́n gba ife. Òpin oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n wá rà á pátápátá ní mílíọ̀nù 75 Yúróò, owó tí ẹgbẹ́ kankan ní Tọ́kì ò tíì ná sórí ẹnì kan rí títí dọjọ́ náà. Síbẹ̀, wọn ò san án lẹ́ẹ̀kan náà: mílíọ̀nù 40 ló kọ́kọ́ jáde, ìyókù di díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó ọjà tẹ́ ẹ sì ń san án díẹ̀díẹ̀ ní Alábà, ẹ mọ ọgbọ́n yẹn.

Ṣé ká wá sọ pé ẹni tí kò rà á ló ṣe àṣìṣe? Rárá o. Napoli tó jẹ́ kó lọ tún gba líìgì Ítálì nínú oṣù karùn-ún ọdún 2025, láìsí i níbẹ̀. Chelsea tó sá fún owó oṣù rẹ̀ gba ife méjì lọ́dún kan náà, ife Conference League àti ife àgbáyé ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tí ebi pa nínú wọn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rèé: òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù ò lè là láìsí i. Ẹni tó bá ń nájà bí ẹni pé òun á kú bí òun ò bá rí i rà, ọ̀wọ́n gógó ni wọ́n á tà á fún un.

Ọ̀rọ̀ ti John Obi Mikel le ju ti Osimhen lọ, nítorí ti Mikel, ìwé ló pọ̀ jù. Ọmọ Jọ́ọ̀sì ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Lyn ní Oslo, lórílẹ̀-èdè Norway. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, tó pé ọmọ ọdún 18 tí ò tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Manchester United kéde pé àwọn ti rà á. Wọ́n ti gbé jẹ́sì wọn lé e lọ́wọ́ fáwọn oníròyìn rí. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi yọ ní London, ó ní wọ́n fúngun mọ́ òun ni òun fi tọwọ́ bọ̀wé, pé Chelsea lòun fẹ́. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ FIFA. Ó lé lọ́dún kan kó tó yanjú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún Manchester United, wọ́n tún san mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Ẹ rò ó wò: Manchester United tí ọmọ náà ò gbá bọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú kan fún gba ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àwọn tó ń lò ó gbà! Ìwé kan tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ló fa gbogbo ẹ̀.

Chelsea jèrè owó náà o. Mikel lò ju ọdún 10 lọ lọ́dọ̀ wọn, ó gbá bọ́ọ̀lù tó lé ní 370 fún wọn, ó sì wà nínú àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní Munich lọ́dún 2012. Àmọ́ ó dáa kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi Chelsea kọ́kọ́ wo àpò ara ẹ̀. Owó ẹjọ́ ń bẹ lábẹ́ owó ọjà.

Ẹni tí ò dúró gba àṣẹ ńkọ́? Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, Peter Odemwingie tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún West Bromwich Albion gbé mọ́tò rẹ̀, ó wà á dé London, ó di pápá Queens Park Rangers. Ó rò pé wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ rírà òun lọ́wọ́. West Brom ò sì tíì gbà. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Inú mọ́tò ló wà, kámẹ́rà ń yà á, gbogbo ayé ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń dágbére fún náà ló padà sí, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló tó rí ọ̀nà gbà lọ sí Cardiff. Ẹni tó di ẹrù kó tó gbọ́ "ó dàbọ̀", ìtìjú ló máa rù padà wálé.

Òmíràn tún wà tó bani lẹ́rù. Lassana Diarra, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bá Lokomotiv Moscow jà lórí owó oṣù lọ́dún 2014. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó san mílíọ̀nù 10.5 Yúróò. Charleroi, àwọn kan náà tó wá gba Osimhen lẹ́yìn náà, fẹ́ mú un. Ṣùgbọ́n òfin FIFA nígbà náà lè mú kí ẹgbẹ́ tó bá gbà á bá a pín gbèsè yẹn. Wọ́n wo gbèsè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n fi í sílẹ̀. Diarra gbé òfin náà lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ní apá kan òfin náà ò tọ́. Ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tipẹ́ nígbà yẹn! Àre tó dé lẹ́yìn tí ọjọ́ ti lọ, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé, sí Igbó-Elérin wa níbí. Ká ní ọmọ télọ̀ kan kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ nígbà tí aṣọ ọdún ti kún ilẹ̀. Ó fi aṣọ ẹbí 20 sílẹ̀ ní gígé, wọn ò tíì rán an. Ó wá bá yín. Ọwọ́ ẹ̀ dáa, àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n, ó tiẹ̀ ní wọ́n á tẹ̀ lé òun wá. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ti ẹnu yín jáde kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ fún un.

Ìkíní: kí ló fa ìjà? Ṣé owó iṣẹ́ ni wọn ò san fún un, ṣé wọ́n bú ìyá ẹ̀ ni, àbí ojú rẹ̀ ló ga ju imú lọ? Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu tirẹ̀ nìkan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ rán àgbàlagbà kan sí ọ̀gá àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ lọ fúnra yín. Bí ọmọ náà bá ní kí ẹ má lọ, ẹ ti rí ìdáhùn apá kan nìyẹn.

Ìkejì: nígbà tí ìjà ń lọ, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní sáà tí ọ̀rọ̀ TikTok ṣẹlẹ̀ yẹn, Osimhen ṣì gbá góòlù 15 wọlé fún Napoli nínú líìgì. Ó ń bínú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń jà tó sì ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ gedegbe sí ẹni tó ń jà nítorí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹni tó fi aṣọ 20 sílẹ̀ fún ọ̀gá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ ọdún lè fi 40 sílẹ̀ fún yín.

Ìkẹta: ìwé ta ló wà nílẹ̀? Ṣé ọdún tó dá pẹ̀lú ọ̀gá ti pé? Ta ló dúró fún un? Ṣé ó jẹ owó, ṣé ẹ̀rọ ọ̀gá wà lọ́wọ́ ẹ̀? Bí gbèsè bá wà, ẹ mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ san án, ẹ san án lójú ọ̀gá àkọ́kọ́, kí ẹ gba ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ nínú owó ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bíi Galatasaray: oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó sọ ọ́ di tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má dá ọmọ nìkan lẹ́jọ́ o. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá ti fìbínú kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, ọ̀gá ló yẹ ká bi léèrè. Nínú bọ́ọ̀lù, òfin FIFA ni pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì láìnídìí, ó lè kọ̀wé fún wọn ní ọjọ́ 15, bí wọn ò bá san án, kó máa bá tiẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè é ní ẹni tó dalẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá tó ń pariwo pé wọ́n "já ọmọ iṣẹ́ gbà" lọ́wọ́ àwọn ni kò jẹ ọmọ náà lówó? Ẹni tó dáké, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òṣìṣẹ́ tó béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀ kì í ṣe oníjà.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Ọ̀jọ́ àti Òkókómáíkò, ọ̀rọ̀ yín ló gbẹ̀yìn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Gbogbo ìjà tẹ́ ẹ kà lókè yìí, ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ló ti bẹ̀rẹ̀. Òfin FIFA ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Òfin náà ni pé ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ mú un kó tó pé 18, àfi ní ìwọ̀nba ìdí díẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí alágbàtà kan bá ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù, pé kí ẹ lọ gba owó àjọ wá fún físà, ẹ di owó yín mú. Ẹ wá ọmọ ilé tó mọ̀wé kó ka ìwé náà síta fún yín ní Yorùbá, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè iye tí ẹgbẹ́ míì máa san bí ọmọ bá fẹ́ lọ, nítorí gbólóhùn kan péré ló jókòó ti Osimhen sílé. Kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́.

Ìdáhùn sí awuyewuye náà kò wá le mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá rí agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá, tí ìjà ẹ̀ ní ìdí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì dúró, kí wọ́n lọ bá a. Ọ̀gá tó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí wọ́n gbà wọlé, lójú ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ìwé àti iye tí àpò wọn gbé. Bí ó bá ti di pé wọ́n ń gbà á lóru, kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ẹlòmíràn á wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀yin ìyálọ́jà tẹ́ ẹ ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, yálà ó yọrí síre tàbí kò yọrí síre, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sójú ewé àwọn òǹkàwé, kí ẹlẹgbẹ́ yín rí i kọ́gbọ́n.